Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọba

Ìyá Aláwòrán kì í wo dígí. Bó bá fẹ́ wé ìborí, ọwọ́ ló fi ń wá ọ̀nà yí orí ká, bí ìborí bá sì wọ́ sápá kan, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wọ́ dé ibi tó ń lọ. Àwa ọmọ àdúgbò máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ojú ara rẹ̀ ló ń sá fún. Èmi gan-an ni mo ń ṣẹ̀fẹ̀ yẹn jù, títí mo fi wọ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo rí pákó kan tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má bàa padé.

Mo gbé e sókè, ẹnu mi sì là sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àkùkọ kan sára rẹ̀, àkùkọ tí wọ́n ti tu gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ tán, tó jókòó sínú abọ́ ìfọṣọ. Ojú ènìyàn ló ní. Adé orí rẹ̀ ti já wá sí ọrùn bí okùn ewúrẹ́. Ikùn rẹ̀ nìkan tó ohun tí ènìyàn lè fi odidi ọjọ́ kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ti gbá èèkàn igi kékeré wọlé, wọ́n sì fá a dan.

Mo ní, "Ìyá, kí ni wọ́n fi dí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin yìí?"

Ìyá gba pákó náà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Àwọn tó kàn ti kú tán. Síbẹ̀ ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn.

Ìgbà tí wọ́n rọ ọba ìlú wọn lóyè ni. Àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, ló kó sójà wọ ààfin láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn ọjọ́ náà sì tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n ti di ará ìta. Wọn ò pa á. Wọ́n fún un ní yàrá méjì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, sójà kan sì ń tẹ̀ lé e bí òjìji níbikíbi tó bá ń lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fà á kiri lánàá wá ń tò láti ra búrẹ́dì. Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ: àwọn tó ń foríbalẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ ní ìta gbangba.

Ohun kan wà tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí jọra bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n jọ jábọ́ láti orí ẹṣin kan. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì gbalẹ̀, àbúrò fi ti ọ̀tún. Àpá tó kù sí wọn lójú ni ìlú fi ń dá wọn mọ̀. Àpá òsì, ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Àpá ọ̀tún, àbúrò ni. Ọmọ tí kò tíì rìn nìkan ló kù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé kan ń bọ̀ láti ààfin nígbà náà tó ń rí sí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Bàtà-ń-dún ni àwọn atẹ̀wé sọ ọ́, nítorí bàtà rẹ̀ máa ń ké bí eku tí ilẹ̀kùn há mọ́, ènìyàn á sì ti gbúròó rẹ̀ kó tó yọ. Òun ló gbé àwòrán àkùkọ náà wá. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ Ìyá Aláwòrán, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Atẹ̀wé, nítorí òun ló ni ẹ̀rọ.

"Ẹ gé e, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Kí gbogbo ògiri ìlú rí i kó tó di ọjọ́ tí Kábíyèsí máa gun orí ìtẹ́."

Atẹ̀wé ní, "Ọ̀gá, àkókò ti kéré jù. Igi kì í ṣe búrẹ́dì, sà, a kì í gé e wàràwàrà."

"Ọrùn náà kì í ṣe búrẹ́dì, síbẹ̀ a máa ń gé e wàràwàrà," ni Bàtà-ń-dún dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Kí orúkọ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀ o, lẹ́tà ńlá, ká lè mọ ẹni tá a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ba Ìyá Aláwòrán. Kò sì tíì sí àṣìṣe kankan nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ló ni orúkọ, òun ló ni ọ̀bẹ. Ohunkóhun tí ọ̀bẹ òun bá ṣe, orúkọ ọkọ òun ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí iṣẹ́ tó ń ya mi lẹ́nu ni, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti wọlé. Ohun tí wọ́n bá gbẹ́ sára igi máa ń yí padà bó bá dé orí ìwé. Ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Nítorí náà, Ìyá Aláwòrán kì í wo àwòrán fúnra rẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Yóò gbé àwòrán dojú kọ dígí kan tó fara ti ògiri, ohun tó bá rí nínú dígí ni yóò gé sára igi. Dígí á yí i, ìwé á sì dá a padà sípò. Bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kì í tiẹ̀ bi í léèrè mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, dígí náà sán láàárín. Atẹ̀wé rí i, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é. Ó da àwòrán náà kọ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi òróró pa, irú èyí tí ojú máa ń là kọjá, ó wá yí ìwé náà dojú délẹ̀ sórí tábìlì kí ìyàwó rẹ̀ lè gé e tààrà láìlo dígí. Ó fẹ́ sọ fún un. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe pariwo nínú yàrá kejì tó sì ń fa ìwé ya. Ó sáré lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lórí rẹ̀.

Ìyá Aláwòrán wọlé, ó rí ìwé lórí tábìlì, ó gbé e dojú kọ dígí tó ti sán. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọkọ ti yí i. Ìyàwó tún yí i. Ohun tí ènìyàn bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó ti ń bọ̀ ló padà sí.

Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, gbogbo wọn péjọ wò ó. Àbúrò Atẹ̀wé wà níbẹ̀, ẹni tó ń lẹ ìwé tó sì ń polówó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Aláriwo. Ikùn àkùkọ náà pa á lẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yíǹkì. Ikùn ni gbogbo wọn wò. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aláwòrán ń lọ ra ọṣẹ nígbà tó rí èrò níwájú ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó sì dúró. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ọba tó ti ṣubú, ẹ̀rín ẹnu ni, ó máa ń ròkè. Èyí tó gbọ́ yìí, inú imú ló wà. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé ògiri fẹ́ wó. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní igun ọ̀nà fi igbọ̀nwọ́ gún ẹnì kejì rẹ̀.

"Àwọn èèyàn yìí láyà. Lójú ọba tuntun báyìí?"

"Panu ẹ mọ́," lẹnì kejì wí. "Èmi ò rí nǹkan kan. Ojú ń dùn mí láti àná."

Ìyá Aláwòrán gbójú sókè. Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó tún wo ògiri, ó tún pààrọ̀ ọwọ́. Àpá náà wà ní ọ̀tún. Ọba tuntun ló jókòó sínú abọ́ ìfọṣọ láìní ìyẹ́ kan lára, adé sì há a lọ́rùn. Nísàlẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, orúkọ ọkọ rẹ̀.

Kò ra ọṣẹ mọ́. Kò sáré, nítorí ẹni tó bá sáré ni wọ́n ń wò. Ó rìn bí ẹni tó ru omi. Ní gbogbo ọ̀nà, ibi gbogbo tó bá kọjú sí, àkùkọ náà ń wò ó.

Nígbà tó sọ ọ́ tán nílé, Atẹ̀wé jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Ṣé dígí lo fi wò ó?"

"Ìgbà wo ni mi ò fi dígí wò ó rí?"

"Mo ti yí i fún ọ. Àánú rẹ ló ṣe mí."

Ìyá ní bí ọkọ òun bá bú òun nígbà yẹn, ì bá sàn. Àánú yẹn ló dùn ún jù.

Aláriwo ní, "Ẹ jẹ́ ká sá lọ."

Atẹ̀wé ní, "Síbo? Orúkọ mi wà lára gbogbo ògiri ìlú. Ẹni tó bá sá ti jẹ́wọ́ nìyẹn."

"Kí wá la máa ṣe? Ká jókòó ká máa retí bàtà yẹn?"

Ìyá Aláwòrán ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ bá mi gbé pákó yẹn wá. Kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

Ohun tí wọ́n bá ti gé kúrò lára igi kì í padà hù. Èèkàn nìkan ni ọ̀nà tó kù. Ó lu ihò sí ibi tí àpá wà, ó gbẹ́ èèkàn kékeré kan, ó gbá a wọlé, ó fá a títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá gé àpá mìíràn sí òdìkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀bẹ sì yẹ̀ wọ ìka rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bàtà bá kọjá lójú ọ̀nà, gbogbo wọn á dáwọ́ dúró. Ọkọ á wo ìyàwó. Bàtà náà á kọjá. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde bó ṣe yẹ, àpá ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sán gangan ni Ìyá Aláwòrán àti Aláriwo gbé garawa lẹ́ẹ̀ jáde, tí wọ́n ń lẹ tuntun bo ti àtijọ́ láti ògiri dé ògiri. Ìmọ̀ràn Ìyá ni. Ẹni tó bá fi òru ṣe é, olè ni wọ́n á pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní yíǹkì ti àkọ́kọ́ ń ṣí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ni Ìyá Aláwòrán wà, tí ó ń fi aṣọ tẹ etí ìwé mọ́ ògiri, nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó yíjú. Ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè ni. Ó wọ ẹ̀wù tó ti ṣá, ó gbá búrẹ́dì mọ́ àyà bí ọmọ. Sójà tó ń tẹ̀ lé e dúró lókèèrè, ó ń tan sìgá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ rèé, pẹ̀lú àpá, ó sún mọ́ Ìyá Aláwòrán ju bí ó ṣe rò pé òun lè sún mọ́ ọba láéláé. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ fún un. Ó kàn dúró pẹ̀lú lẹ́ẹ̀ tó ń kán sí bàtà rẹ̀.

Bàbá náà wo ògiri pẹ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti wá tọ́. Ti àárọ̀ yẹn, àbúrò mi ni."

Ìyá Aláwòrán wo sójà. Gbólóhùn kan péré sí etí sójà yẹn, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọba àtijọ́ mọ̀. Ó lè fi ọ̀rọ̀ náà ra ojúrere àbúrò rẹ̀, ó lè fi ra yàrá kẹta.

"Ikùn mi ò tóbi tó èyí ṣá," ló wí. Ó tún wo ara rẹ̀. "Bóyá tẹ́lẹ̀."

Sójà pariwo pé kó máa bọ̀. Ó sì lọ, ó ń rìn bí wọ́n ṣe ń sín in jẹ gan-an. Ìyá ní òun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ò sì lè sọ pé ọkàn òun balẹ̀. Bí ẹni tó mọ àṣírí rẹ bá ń rìn kiri ìgboro, kò sí bí oorun yóò ṣe kùn ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bàtà ké lójú ọ̀nà. Kò kọjá.

Bàtà-ń-dún wọlé pẹ̀lú sójà méjì. Ìwé tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti tún ṣe. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Atẹ̀wé, jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀." Atẹ̀wé bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó so ó kọ́ bó ṣe máa ń so ó kọ́ lójoojúmọ́, ó sì tẹ̀ lé wọn. Kò wo ẹ̀yìn.

Bàtà-ń-dún jókòó sórí àpótí. Ìgbà yẹn ni Ìyá Aláwòrán rí i pé òógùn bo ètè rẹ̀, pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ó ní, "Èmi ni mo gbé e lọ fún Kábíyèsí láàárọ̀ yìí. Tìdùnnú-tìdùnnú. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Wọ́n wo ìwé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo dígí. Wọ́n tún wo ìwé. Wọ́n gbé ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, 'Nínú àwa méjèèjì, èwo nìyí?' Mo ní ẹ̀gbọ́n yín ni, Kábíyèsí. Wọ́n ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí n wo inú dígí."

"Ẹ wá wò ó, sà?"

"Mo wò ó." Ó nu ètè. "Ìyá, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sí ìwé yìí."

Ìyá Aláwòrán mọ̀. Ẹni tó ti fi dígí jẹun láti ọjọ́ tó pẹ́, báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Kò sẹ́ni tó rí ojú ara rẹ̀ rí. Dígí ni gbogbo wa mọ̀, dígí sì máa ń fi ọ̀tún ṣe òsì. Nínú dígí tí ọba tuntun fi ń fá irùngbọ̀n, àpá rẹ̀ wà ní ibi tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí ìwé gẹ́lẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́, ìlú ló rí ọba tuntun nínú rẹ̀. Èyí tí òun fi ọwọ́ ara òun tún ṣe, ọba fúnra rẹ̀ ló rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sọ fún ọba pé láràárọ̀, ojú ẹ̀gbọ́n tó lé jáde ló ń fọ̀?

Bàtà-ń-dún ní, "Wọ́n ní kí ojú yẹn má wà mọ́ kí àwọn tó jẹun ọ̀sán. Bí ó bá ṣì wà, èmi àti ọkọ yín la jọ máa dáhùn."

Ìyá Aláwòrán gbé pákó sórí itan. Ó lu ihò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Ó ní ẹ̀rù náà ti pọ̀ kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbé, ó ti lọ jókòó sí ibòmíràn nínú ara òun. Ó gbá èèkàn wọlé, ó fá a dan. Aláriwo fi yíǹkì sí i, wọ́n tẹ ẹyọ kan.

Akọ̀wé ààfin gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ń dán, kò sí àpá lọ́tùn-ún, kò sí lósì.

"Ta wá nìyí?"

"Àkùkọ ni, sà."

Ó wo ìyá, ó wo ìwé. "Àkùkọ ni," ó tún un sọ. "Àkùkọ lásán." Bí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ lọ kà níwájú olùkọ́ ló ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ gbéra, Atẹ̀wé sì wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ọ̀sán yẹn, Ìyá Aláwòrán jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí wá bàtà. Aláriwo sè tíì fún un, tíì náà tutù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tí kò ké rárá. Ọkọ rẹ̀ ni, láìwọ bàtà. Wọ́n ti gba bàtà rẹ̀ nínú ààfin, kò sì béèrè kó tó máa bọ̀.

Ó mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò rí ọba. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n dá òun dúró sí. Nígbà tó yá, ẹnì kan wá sọ pé ó di èèwọ̀: àwòrán ọba kankan kò gbọ̀dọ̀ sí mọ́, ti yẹ̀yẹ́ tàbí ti ìyìn, pé kí wọ́n máa lọ ilé kí wọ́n sì ha gbogbo ògiri ìlú mọ́.

"Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, mo rí nǹkan kan. Wọ́n ń gbé àwọn dígí ààfin jáde. Wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Àwọn tó ń gbé wọn kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ìyá Aláwòrán dìde, ó yọ dígí tirẹ̀ tó ti sán kúrò lára ògiri. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu nìkan ló ń gé: òdòdó, ìràwọ̀, àmì ara ìwé tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gé ojú ènìyàn. Kò gbà.

Nígbà tó sọ ọ́ tán fún mi, ó fi ẹsẹ̀ ti pákó náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ délẹ̀. Ìborí rẹ̀ ti wọ́ jù, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe. Apá ọ̀tún ló wọ́ sí."

Ó di ọwọ́ mi mú kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Dúró ná," ló wí. "Ọ̀tún tìẹ ni, àbí ọ̀tún tèmi?"